Fíìmù Tí Bàbá Mi Wò Níbi Tí Iná Wà

Mi ò lè jókòó wo fíìmù tán. Ọmọ mi a máa bẹ̀ mí pé kí n jọ̀ọ́ kí n fìdí kalẹ̀, pé mò ń dí òun lójú, torí bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ nínú fíìmù ni mò ń lọ tí mò ń bọ̀. Màá lọ wo ọbẹ̀ lórí iná, màá ká aṣọ lórí okùn, màá padà wá bèèrè pé ta ló kú. Síbẹ̀, tó bá ti di ọjọ́ Àìkú, mo gbọ́dọ̀ ní fíìmù kan lẹ́nu tí mo máa sọ fún bàbá mi, torí fíìmù la fi ń bá ara wa sọ̀rọ̀ nínú ilé wa láti ìgbà tí ìyá wa ti kú.

Ìyá wa ló fẹ́ràn fíìmù. Tó bá wò ó tán, á sọ ọ́ fún wa bí ẹni pé àwọn ará ilé kejì ló ṣe é. Á bínú, á bú ọkọ inú ẹ̀, á wá yíjú sí bàbá wa: "Ṣé ohun tó ṣe yẹn dáa?" Bàbá á gbójú sókè nínú ìwé tó ń kà, á ní, "Kò dáa." Ó tán nìyẹn. Nígbà tí ìyá wá lọ, bàbá mi, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin àti èmi jókòó sí pálọ̀, a ò mọ ohun tá a lè bá ara wa sọ. Ẹ̀gbọ́n mi padà sí Àbújá tó ti ń ṣiṣẹ́. Nígbà tó pè lórí fóònù, tí ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu ẹ̀, ó ní òun wo fíìmù kan. Ó sọ ọ́. Mo ní kò dáa. Bàbá ní ó dáa díẹ̀. Bó ṣe di àṣà nìyẹn.

Lọ́jọ́ Àìkú, tí mo bá ti kúrò ní ṣọ́ọ̀ṣì l'Ádó, màá wọ ọkọ̀, màá gba Ìyìn kọjá dé Ìgèdè, màá se oúnjẹ fún Bàbá. Fóònù á wà lórí tábìlì, ohùn ẹ̀gbọ́n mi á máa jáde láàárín abọ́ ọbẹ̀ àti ife omi. Àwa méjèèjì la máa ń sọ fíìmù, Bàbá ló ń dájọ́. Ọ̀gá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni kó tó fẹ̀yìn tì, kò sì mọ bí èèyàn ṣe ń gbọ́ nǹkan kó má fún un ní máàkì. "Mẹ́rin nínú mẹ́wàá," á ní. "Ọmọbìnrin yẹn sunkún jù." Kò fún fíìmù kankan ní mẹ́wàá rí. Àwa ọmọ ẹ̀ gan-an, kò fún wa ní mẹ́wàá rí.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò ọdún yẹn ni Bàbá nu ẹnu lẹ́yìn oúnjẹ, tó ní òun náà wo fíìmù kan.

Mo wò ó. Tírànsífọ́mà àdúgbò ti jó láti ìgbà ọyẹ́. Tẹlifíṣọ̀n wà níbẹ̀ tí aṣọ léèsì tí ìyá wa fi bò ó ṣì wà lórí ẹ̀, eruku sì wà lórí léèsì. Fóònù Bàbá, ìpè nìkan ló ń gbà.

"Níbo lẹ ti wò ó, Bàbá?"

"Níbi tí iná wà," ó ní, ó sì bẹ̀rẹ̀ ìtàn.

Ó ní bàbá àgbàlagbà kan ni, ìyàwó ẹ̀ kú, kò jẹun dáadáa mọ́, ó wá rù. Ṣòkòtò ẹ̀ ń já bọ́. Tó bá dìde láti ka Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì, ọwọ́ kan á di Bíbélì mú, ọwọ́ kejì á di ṣòkòtò mú. Àwọn ọmọ ẹ̀ rí i, wọ́n ra bẹ́líìtì fún un. Ọ̀kan fi bẹ́líìtì ránṣẹ́ láti òkèèrè, èkejì tún ra òmíràn wá. Ní ọjọ́ kan ó ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù obìnrin kan tó ń ránṣọ, obìnrin náà pè é. Ó ní, "Bàbá, ẹ mú ṣòkòtò yẹn wá kí n gba ìbàdí ẹ̀ sínú. Kì í ṣe bẹ́líìtì ló fẹ́." Kò bi í pé kí ló ṣe é tó fi rù. Ó kàn gba ṣòkòtò náà sínú. Bàbá náà mú èkejì wá. Ó mú ẹ̀kẹta wá. Nígbà tí gbogbo èyí tó ń já bọ́ tán, ó bẹ̀rẹ̀ sí í mú àwọn tó bá a mu lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín nínú fóònù. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Bẹ́líìtì tó wà nídìí Bàbá lọ́jọ́ náà, èmi ni mo rà á.

"Ó wá di ọjọ́ kan," Bàbá ní, "òjò ò jẹ́ kí ọkùnrin náà jáde. Obìnrin náà fúnra ẹ̀ ló mú ṣòkòtò wá sílé fún un. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, 'Ẹ kú ulé o.'"

Háà! Ara mi bù máṣọ.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Gbogbo Èkìtì ló mọ̀ pé ulé là ń pe ilé, usu là ń pe iṣu. Bí ará Èkìtì bá dé ibòmíràn tó la ẹnu báyìí, wọ́n ti mọ ibi tó ti wá. Ṣùgbọ́n nínú ilé tiwa, ulé ò sí. Bàbá ní Yorùbá inú ìwé la gbọ́dọ̀ máa sọ, kí wọ́n má baà fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ níbi iṣẹ́ ọba. Ẹni tó bá ní "ulé" láàárín wa, á na àtẹ́lẹwọ́ síwájú, pàṣán á sì bà á. Èmi ni mo máa ń gbàgbé jù. Mo máa ń ti orí pápá sáré dé, màá pariwo lẹ́nu ọ̀nà pé ẹ kú ulé o, kí n tó rántí, ọwọ́ mi ti wà níta. Ìyá wa náà, tí kò gbọ́ Yorùbá inú ìwé kó tó wọlé ọkọ, fi ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀ nítorí ẹ̀. Bàbá yìí kan náà ló wá jókòó síwájú mi tó ń sọ "ulé," tó rọra ń sọ ọ́, bí ẹni tó ń lá oyin.

Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, tó bá dé inú ẹ̀ á di odidi. Tèmi ti di odidi. Mo mọ obìnrin náà. Opó ni, Mùsùlùmí, ará Ìjan tí ọkọ gbé wá sí Ìgèdè, ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ wà lójú ọ̀nà ọjà, ó ti ń ránṣọ níbẹ̀ láti ìgbà tí mo wà nílé ìwé. Bàbá mi fẹ́ fẹ́ obìnrin yẹn, fíìmù ló sì fi ń bi àwa ọmọ ẹ̀ bóyá a máa gbà.

Ẹ̀gbọ́n mi tó kàwé ju èmi lọ, kò gbọ́ nǹkan kan. "Ta ló ṣe obìnrin yẹn, Bàbá?"

"Mi ò mọ orúkọ ẹ̀. Àwọn tuntun ni."

"Màá wá a lórí fóònù. Báwo ló ṣe parí?"

"Wọn ò tíì gbé apá kejì jáde," Bàbá ní. Ó ń fi ìka tún ife omi ṣe lórí tábìlì. "Ọkùnrin náà fẹ́ fẹ́ ẹ. Àmọ́ bàbá ìjọ ni òun, mọ́ṣáláṣí lobìnrin náà ń lọ. Ó ní òun fẹ́ mọ ohun tí àwọn ọmọ òun máa sọ ná. Kí lẹ̀yin rí sí i?"

Ẹ̀gbọ́n mi ní òun mọ irú fíìmù bẹ́ẹ̀. Ó ní ilé bàbá náà lobìnrin yẹn ń wò, pé ní apá kejì, á fún un ní májèlé jẹ. Ó ní kí wọ́n fún un ní mẹ́ta.

"Ìwọ ńkọ́?" Bàbá kọjú sí mi.

"Bàbá yẹn ò nítìjú," mo ní. "Òdo."

Bàbá gbé abọ́ ẹ̀ lọ sí ìdáná fúnra ẹ̀, bẹ́ẹ̀ èmi ni mo máa ń gbé e.

Gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, ara mi ò lélẹ̀. Ní ọ́fíìsì, ní sekiteríàtì, màá dìde lórí àga, màá rìn dé ẹnu fèrèsé, màá padà, mi ò ní rántí ohun tí mo dìde fún. Wọ́n bi mí bóyá inú ń run mí. Inú ń bí mi ni. Sàréè ìyá wa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, lábẹ́ igi máńgòrò. Ẹni tó bá máa dé ẹnu ọ̀nà wa gbọ́dọ̀ gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kọjá. Ẹlòmíràn á wá máa gba ibẹ̀ kọjá pẹ̀lú ṣòkòtò lápá, á máa kí ilé? Ọ̀rọ̀ ulé yẹn ló sì dùn mí jù. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n tìtorí ẹ̀ nà mí, tí wọ́n gbà lẹ́nu ìyá mi, obìnrin kan sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó di orin! Mo jowú. Mo jowú nítorí ìyá mi, mo sì jowú nítorí ara mi.

Nígbà tó di ọjọ́ Àìkú, mi ò tíì wo fíìmù kankan. Inú ọkọ̀, láàárín Adó àti Ìyìn, ni mo ti hun tèmi. Mo sọ ọ́ fún wọn pẹ̀lú ohùn tó le. Mo ní bàbá arúgbó kan fẹ́ obìnrin aránṣọ. Ọjọ́ tó wọlé ló ti kó ìkòkò ìyàwó àkọ́kọ́ dà síta, ó fi sísọ́ọ̀sì gé aṣọ olóògbé sí wẹ́wẹ́, ó ní òun fẹ́ fi nu ẹ̀rọ. Ó gé igi tó wà lórí sàréè. Àwọn ọmọ wá sílé, ó lé wọn padà lẹ́nu géètì.

"Ó gba máàkì!" ẹ̀gbọ́n mi ní. "Mẹ́sàn-án! Mo sọ fún yín pé irú wọn máa ń burú. Kí lorúkọ fíìmù yẹn? Ti Bàbá yẹn, mo wá a títí, mi ò rí i."

Bàbá fọwọ́ ti abọ́ ẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó ní, "Ta ló kọ ọ́?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n."

"Ẹni tó kọ ọ́ ń bínú." Ó bọ́ awò ojú, ó ń fi etí aṣọ nù ún. "Láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, wọn ò jẹ́ kí obìnrin yẹn sọ gbólóhùn kan. Ó ń da ìkòkò, ó ń gé aṣọ, ó ń lé èèyàn, kò sì sẹ́ni tó bi í pé kí ló dé. Ẹni tí wọ́n ń dá lẹ́jọ́, ẹ jẹ́ ká gbọ́ tẹnu ẹ̀ náà. Mo fún un ní méjì."

Mo ní ó dáa o, méjì sàn ju òdo lọ. Mo ń fọ abọ́ lọ́jọ́ náà bíi pé abọ́ ló ṣẹ̀ mí, ọ̀kan sì fọ́ mọ́ mi lọ́wọ́.

Láti ọjọ́ náà, Bàbá ò wo fíìmù mọ́. Tá a bá bi í, á ní òun ò rí nǹkan kan wò. Ẹ̀gbọ́n mi á sọ tiẹ̀, Bàbá á ní, "Ó dáa," kò ní fún un ní máàkì. Ọbẹ̀ tí mo bá sè, èmi náà ni mo máa bá a nínú ìkòkò lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, tó ti kan. Ó wá di ọjọ́ Àìkú kan, mo lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì n'Ígèdè dípò Adó. Wọ́n pe Bàbá pé kó wá ka ẹ̀kọ́ kejì. Ó dìde. Ọwọ́ kan di Bíbélì mú, ọwọ́ kejì di ṣòkòtò mú. Ṣòkòtò tí wọ́n ti gbà sínú tẹ́lẹ̀ ni o, ó tún ti ń já bọ́. Mi ò gbọ́ ohun tó kà. Ẹ̀rù bà mí, ẹ̀rù gidi, mo sì mọ̀ pé kì í ṣe bẹ́líìtì ló fẹ́.

Mo gba àyè níbi iṣẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀, mo mú ṣòkòtò Bàbá kan, mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù ojú ọ̀nà ọjà. Iná wà níbẹ̀ lóòótọ́. Wọ́n gbé sólà kékeré kan sórí páànù, gílóòbù kan ń tàn lórí ẹ̀rọ ìránṣọ lọ́sàn-án gangan. Àga onígi kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, tìmùtìmù wà lórí ẹ̀. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni sọ ẹni tó ni ín fún mi.

"Ẹ káàbọ̀, Àǹtí," obìnrin náà ní. Ó gba ṣòkòtò, ó yí i sódì, ó wo ìdí ẹ̀. Ó dá iṣẹ́ ọwọ́ ara ẹ̀ mọ̀. Ó gbójú sókè wò mí, ó sì mọ̀ mí. Àmọ́ kò pè mí ní ọmọ ẹnì kankan.

"Ẹ jókòó, mà."

"Mo fẹ́ràn àtidúró," mo ní. Mò ń rìn láti ẹnu ọ̀nà dé ibi àwọn aṣọ tí wọ́n fi kọ́ ògiri, mò ń padà.

Ó ń já àwọn òwú tó yọ jáde nídìí ṣòkòtò náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní, "Bàbá kan wà tó máa ń wá síbí, ó máa ń sọ fíìmù fún mi. Ó ní àwọn ọmọ òun ló ń sọ ọ́ fún òun. Èyí tó sọ kẹ́yìn ò dáa rárá. Obìnrin kan tó da ìkòkò olóògbé síta. Ṣé ẹ̀yin náà wò ó?"

Ilẹ̀ ì bá lanu, ǹ bá wọ inú ẹ̀ lọ. "Mo wò ó, mà."

"Mo ní kí ló wí nígbà tí wọ́n bi í. Ó ní wọn ò bi í. Látìgbà yẹn, kò wá mọ́." Ó já òwú kan. "Ṣé wọn ò bi í lóòótọ́?"

"Wọn ò bi í."

"Hẹn-ẹn."

Mo dúró. "Tí wọ́n bá bi í ńkọ́, mà? Kí ló máa sọ?"

Ó kó ọwọ́ kúrò lórí aṣọ. Ó ní, "Á ní òun ní ìkòkò nílé òun, òun ò fẹ́ ìkòkò ẹnikẹ́ni. Á ní òun mọ ìyẹn tó ti lọ, òun ló rán aṣọ ìdúpẹ́ tó wọ̀ kẹ́yìn, ọlọ́yàyà èèyàn ni. Á ní láti ìgbà tí ọkọ òun ti kú, tí òun bá ti ọjà dé, òun á dúró lẹ́nu ọ̀nà, òun á ní 'ẹ kú ulé o,' torí ó ti mọ́ òun lára. Ulé ò sì ní dáhùn." Ó nu ojú pẹ̀lú ẹ̀yìn ọwọ́, kíá, bí ẹni tó lé eṣinṣin. "Ẹni tó máa dá òun lóhùn lòun ń wá. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ."

"Ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí ńkọ́?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Bàbá á lọ sí tiẹ̀ ní Sọ́ńdè, ìyá á lọ sí tiẹ̀ ní Jímọ̀. Ṣebí ọjọ́ márùn-ún ṣì wà nílẹ̀?"

Àfi bí mo ṣe bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà bá omi ojú jáde, mo sì jókòó, mo jókòó sórí àga Bàbá láìmọ̀.

Ó na ṣòkòtò sókè. "Ṣé kí n gbà á sínú sí i?"

Mo wo ṣòkòtò náà. Mo rántí bàbá mi nídìí Bíbélì. "Rárá, mà," mo ní. "Ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó máa sanra. Ẹ kàn bá mi lọ̀ ọ́, kí ẹ wá mú un wá fún un fúnra yín lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú."

Ó rọra ká ṣòkòtò náà, ó tún un ká.

Lọ́jọ́ Àìkú, mi ò lè jẹun. Mo dìde, mo jókòó, mo lọ wo fèrèsé, mo padà. Bàbá ní kí ló dé tí mò ń yí bí òkòtó. Fóònù wà lórí tábìlì, ẹ̀gbọ́n mi ń sọ fíìmù àwọn adigunjalè kan tí kò sẹ́ni tó ń gbọ́ ọ. Mo já lu ọ̀rọ̀ ẹ̀.

"Mo ti wo apá kejì fíìmù Bàbá."

Bàbá gbé ṣíbí kalẹ̀. "Apá kejì wo?"

"Ti ṣòkòtò."

"Níbo lo ti wò ó?"

"Níbi tí iná wà," mo ní.

Ó wò mí. Ẹ̀gbọ́n mi ń pariwo nínú fóònù pé ṣé wọ́n ti gbé e jáde ni, pé kí n má sọ ìparí ẹ̀, òun fẹ́ wò ó fúnra òun. Mi ò tíì fèsì tí mo fi gbọ́ ẹsẹ̀ níta. Ẹsẹ̀ náà dúró díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, níbi igi máńgòrò, mo gbọ́ bó ṣe rọra kí ẹni tó wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló dé ẹnu ọ̀nà.

"Ẹ kú ulé o."

Bàbá la ẹnu, kò sì dáhùn. Ojú mi ló ń wò, bí ọmọ ilé ìwé tó ń dúró de èsì ìdánwò. Gbogbo ilé pa rọ́rọ́. Mo rántí ulé tí kì í dáhùn.

"Ẹ káàbọ̀, mà!" mo ní, mo sì gbé ohùn sókè kó lè dé òde. "Ẹ máa wọ ulé bọ̀!"

Ọ̀rọ̀ náà jáde lẹ́nu mi bó ṣe máa ń jáde nígbà tí mo bá ti orí pápá sáré dé. Mo na àtẹ́lẹwọ́ sí bàbá mi lórí tábìlì. Mi ò mọ̀ bóyá mo fi ṣeré ni, àbí ọwọ́ mi ló rántí.

Ó wo ọwọ́ náà títí. Ó wá gbá ọwọ́ mi mú, ó dìde láti lọ pàdé àlejò ẹ̀, ó ń fà mí lọ, ọwọ́ kan di èmi mú, ọwọ́ kejì di ṣòkòtò mú.